Túdà Tí Kì Í Yà Sọ́tùn-ún

Rárá o, Ṣámà, táyà mi ò jò. Mo rí ẹ lẹ́nu ọ̀nà yín láàárọ̀ nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní kọ̀rọ̀ ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, tí mo fọwọ́ yí imú ẹ̀ sọ́tùn-ún, tí mo tún gùn ún padà. Mo sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé ìyàwó tuntun yìí á ti máa rò pé orí mi ò pé. O wá ń bi mí pé ṣé gbogbo obìnrin ìlú Tarudántì yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa. Àwa tí Màmá Túdà kọ́ ní kẹ̀kẹ́ nìkan ni. Èmi ti mọ̀ ọ́n yà sọ́tùn-ún báyìí o, má rẹ́rìn-ín, ọkọ mi ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń ronú nǹkan mìíràn, ẹsẹ̀ mi á kàn balẹ̀ fúnra ẹ̀.

Jókòó, jọ̀ọ́. Gba Ítò lọ́wọ́ mi kí n bu tíì fún ẹ. Ó wúwo, àbí? Oṣù mẹ́fà péré, wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Tó bá di gèlè ẹ mú, má fà á, á tú u sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Agadíì ni wọ́n ti gbé ìwọ wá, etí òkun lo dàgbà sí, o ò lè mọ ìtàn yìí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé kan wà nínú ìlú níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè, tí a máa ń pè ní Ilé Kẹ̀kẹ́. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ti òkè wá sọ́jà máa ń so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn mọ́. Àgbàlá kékeré kan ni, ògiri pupa yí i ká, igi ọsàn kan ṣoṣo wà láàárín. Bàbá Ídírì ló dá a sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà kiri ìlú yìí, nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọn ò mọ ohun tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ wọn ṣe. Ni wọ́n bá kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn jọ, wọ́n ní kí a máa gba òkú kẹ̀kẹ́ lórí òrùlé àwọn èèyàn, kí a máa jí wọn dìde. O mọ bí ìlú yìí ṣe rí, kò sílé tí kò ní kẹ̀kẹ́ kan tó ti dípẹtà lórí òrùlé.

Ẹnikẹ́ni kì í gbowó níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í san. Òfin kan ni wọ́n ní: tó o bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ lọ, kọ́kọ́ jókòó, tún ti ẹlòmíràn ṣe. Tó ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á kọ́ ẹ. Àwọn èèyàn ńlá ń wá síbẹ̀ o! Dókítà eyín kan wá lọ́jọ́ kan, Bàbá Ídírì gbé ṣéènì tó kún fún gírísì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, “Fọ̀ ọ́ bí eyín.”

Báyìí ni Màmá Túdà ṣe débẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin tó gbẹ̀yìn ti kó lọ sí Agadíì síṣẹ́, ó fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú táyà tó ti rọ̀. Ọkọ wọn tó ń rán bàtà awọ ti kú. Ilé ti dá. Wọ́n bá wọ́ kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Ilé Kẹ̀kẹ́, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé, torí ọkùnrin nìkan ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, “Èló lẹ máa tún un ṣe?”

Bàbá Ídírì ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Kò sí èló níbí. Jókòó, lẹ túúbù yẹn.”

“Ta ló ni túúbù?”

“Ẹni tó bá nílò ẹ̀ ló ni ín.”

“Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọbẹ̀ mi kalẹ̀ lórí iná, mò ń bọ̀.”

Gbogbo àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti lọ nìyẹn. Kò pẹ́, obìnrin padà dé pẹ̀lú ìrọ̀rí ìjókòó lábẹ́ apá. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n jókòó, wọ́n lẹ túúbù. Ọjọ́ kejì wọ́n tún wá. Ìrọ̀rí yẹn ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ṣámà, ká ní o rí bí wọ́n ṣe ń wá ihò! Àwọn ọkùnrin á ri túúbù bọ omi, wọ́n á máa wò ó bóyá á hó. Màmá Túdà ní omi ṣọ̀wọ́n, kí la fẹ́ fi fọ rọ́bà fún? Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á gbé e sún mọ́ ètè ìsàlẹ̀ wọn, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí mo bá ń fẹnu kan ọrùn Ítò báyìí, wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á dúró gbọnrangandan. “Ó wà níbí. Ó ń mí.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ, bí ẹni pé ẹ̀dá ni.

Abúlé kan ní ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n ti bí wọn. Bàbá wọn nìkan ló ní kẹ̀kẹ́ ní gbogbo abúlé. Tó bá di ọjọ́ ọjà, bàbá á di ẹyin sínú koríko gbígbẹ nínú apẹ̀rẹ̀, á gbé Túdà sórí irin iwájú, ọmọ á gbá apẹ̀rẹ̀ mọ́ra, ó di ọjà. Wọ́n ní ìdí a máa ro àwọn títí di alẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kì í fẹ́ kí ọ̀nà tán. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí bàbá jẹ́ kí àwọn gùn ún fúnra àwọn. Bàbá ní, “Túdà, o lè jókòó síwájú, o lè jókòó sẹ́yìn. Àárín yẹn, tèmi ni.” Ó parí. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ wọn wá sí ìlú níbí, lórí kẹ̀kẹ́ náà ni, ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí.

Nítorí náà, nígbà tí ó di pé wọ́n wà láàárín kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí irun wọn ti funfun, kí lo rò pé wọ́n máa ṣe? Wọ́n dúró títí àwọn ọkùnrin fi lọ sílé lọ sun oorun ọ̀sán, wọ́n ti ilẹ̀kùn àgbàlá, wọ́n gun orí ọpọ́n òkúta tí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ máa ń mumi nínú ẹ̀, wọ́n ti orí ẹ̀ bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ṣubú. Wọ́n tún gùn ún. Gbogbo ara bó, wọ́n ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ológbò ló ya àwọn. Bàbá Ídírì ní, “Ológbò wo ló ń fi gírísì síni lára?”

Nígbẹ̀yìn wọ́n mọ̀ ọ́n gùn. Bí obìnrin ṣe ń gbọ́ nìyẹn, tí wọ́n ń wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Ìyá mi ò mọ̀ ọ́n gùn, àbúrò ìyá mi ò mọ̀ ọ́n gùn, àwọn obìnrin ìlú tó ń gùn ún, láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama nígbà náà, mo fẹ́ máa lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lókè ìlú, ọ̀nà jìn. Mo lọ lẹ túúbù mi, mo na sípóòkù kan tó ti tẹ̀, Màmá Túdà ní ó ti tó, wá lọ́sàn-án.

Ṣé o mọ adùn ibẹ̀? Wọ́n á ti ilẹ̀kùn. A ó ká aṣọ ìbora wa tó bò wá láti orí délẹ̀ sókè, a ó so ó mọ́ ìbàdí. Òórùn gírísì pọ̀ mọ́ ti òdòdó ọsàn. Màmá Túdà á di etí aṣọ ẹ mú lẹ́yìn, wọ́n á máa sáré tẹ̀ lé ẹ pẹ̀lú orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n, wọ́n á máa pariwo: “Má wo ẹsẹ̀! Ṣé o rò pé ó máa sá lọ ni? Wo iwájú! Kẹ́ltúmù, mo ní wo iwájú, igi ọsàn yẹn ò ní yẹra fún ẹ!” Mo wọ inú òkìtì táyà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí ló ṣáájú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Mo rántí pé mo wà nínú táyà níbẹ̀, mo ń rò ó pé mi ò tíì láyọ̀ tó báyìí rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀tún ti wọlé rèé. Àgbàlá yẹn, o ò lè ṣe ju kó o máa yípo igi ọsàn lọ. Òkìtì irin wà lápá kan, gọ́tà wà lápá kejì. Láti ọjọ́ tí Màmá Túdà ti bẹ̀rẹ̀, apá òsì ni wọ́n kọjú sí, igi wà lọ́wọ́ òsì wọn nígbà gbogbo. Nígbà tí obìnrin kan bi wọ́n léèrè pé ṣé a ò lè yí i padà, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. “Báwo ni wọ́n ṣe ń yípo Káábà ní Mẹ́kà?”

“Òsì ni, Màmá.”

“Ṣé wàá wá kọ́ wọn ní tuntun ni? Gùn ún, jàre.”

Ta ló fẹ́ bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn? A gùn ún lọ́wọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ronú kan nǹkan kan.

Ọjọ́ tí àwa mẹ́ta kọ́kọ́ jáde sí títì, a wọ aṣọ ìbora tó dáa jù, a ń rìn bí ọba. Ó ku díẹ̀ ká dé ọjà, ọ̀nà ní ká yà sọ́tùn-ún. Mo fẹ́ yà. Ọwọ́ mi ò gbọ́. Bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fi ọwọ́ òsì kọ̀wé ni. Gbogbo ara mi ń sọ pé òsì, kẹ̀kẹ́ ń lọ tààrà, àwọn méjì tó wà lẹ́yìn náà ń bọ̀ tààrà. Gbọ̀ọ̀! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ewé míńtì oníṣòwò kan. Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ bínú, ẹnu yà á ni. Ó ní, “Ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ lè béèrè, màá tà á fún yín.”

Nígbà tí a ròyìn fún Bàbá Ídírì, wọ́n mú wa wọ àgbàlá, wọ́n ní ká yà sọ́tùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó yege. Wọ́n wo Màmá Túdà, wọ́n ní, “Túdà, kí lo ṣe fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ? O ti so okùn mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́ òsì!”

Màmá Túdà ní, “Wọ́n gùn ún ni àbí wọn ò gùn ún?”

“Ìwọ náà, yà sọ́tùn-ún ká rí ẹ.”

Màmá gun orí ọpọ́n òkúta, wọ́n bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ, wọ́n fẹ́ yà sọ́tùn-ún, wọ́n sì lọ bá òkìtì irin. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn! Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn obìnrin míì ti ń jáde lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń yí i, wọ́n ń gùn ún padà. Àwọn ará ìlú bá ń pè wá ní ọmọ Túdà. Inú wa dùn sí i. Tó o bá rí obìnrin tó sọ̀kalẹ̀ ní kọ̀rọ̀, o kàn máa kí i ni, o ti mọ̀ pé ó ti ṣubú sínú táyà yẹn rí.

Màmá Túdà nìkan ni kò jáde rí. Orúnkún wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ láti ilẹ̀, àfi tí wọ́n bá rí ibi gíga. Tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan nígboro, ta ló máa gbé ọpọ́n òkúta wá fún wọn? Wọ́n ní kò burú, àgbàlá tó wọn.

Àgbàlá ò wá tó mọ́. Àwọn ọmọ ẹni tó ni ilé padà dé láti ilẹ̀ Faransé, wọ́n fẹ́ sọ ibẹ̀ di hòtẹ́ẹ̀lì. Hòtẹ́ẹ̀lì náà ni ibẹ̀ báyìí, o mọ̀ ọ́n, èyí tó ní iná aláwọ̀ búlúù. Níbi tí igi ọsàn wà, adágún omi ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Mi kì í wo ibẹ̀ tí mo bá ń kọjá.

Wọ́n fún Ilé Kẹ̀kẹ́ ní ọgbà ólífì kan tó ti di ahoro, lẹ́yìn ìlú, ó fara ti ògiri. Ibẹ̀ fẹ̀, ó dáa. Tó o bá jáde lẹ́nubodè, tó o yà sọ́tùn-ún, kò jìnnà tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ lo gùn. Fún ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú orúnkún Màmá Túdà, bí ìlú òkèèrè ni.

Bàbá Ídírì fẹ́ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. “Túdà, má ṣe ara ẹ ní wàhálà. Jókòó sílé ẹ. A ó máa kó túúbù wá bá ẹ.”

“Ẹ máa kó túúbù wá bá mi.”

“Ojoojúmọ́.”

“Ídírì, ṣé ìwọ rò pé torí túúbù ni mo ṣe ń wá?”

Ẹnìkan ní kí wọ́n máa fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé wọn. Ìyẹn ló mú kí Màmá dìde. Wọ́n ní, “Èmi tí mo kọ́ obìnrin ìlú yìí ní kẹ̀kẹ́, kí ẹ wá máa gbé mi wọlé bí àpò àlùbọ́sà?” Wọ́n mú ìrọ̀rí wọn, wọ́n lọ. Wọn ò sì wá mọ́.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n wò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó nígbà yẹn, mo gbé búrẹ́dì àti epo ólífì dání. Mo bá wọn lórí àkéte, kẹ̀kẹ́ wọn dúró níwájú wọn nínú yàrá bí àlejò. Kẹ̀kẹ́ yẹn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n tò ó, kò sí irin méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá nínú ẹ̀. Wọ́n ti fi okùn hun àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn kí aṣọ má baà há sí i.

Wọ́n ní, “Kẹ́ltúmù, ilé yìí dákẹ́. Ní Ilé Kẹ̀kẹ́, mo máa ń pariwo. Ìgbà tí mò ń pariwo ni mo máa ń mọ̀ pé mo ṣì wà.”

Mo bá ń gé búrẹ́dì. A jẹun. Lójijì wọ́n ní, “Ògiri ìlú, ṣé ó yípo?”

“Ó yípo, Màmá.”

“Kò sí ibi tó já?”

“Kò sí.”

“Tí èèyàn bá jáde lẹ́nubodè, tó yà sósì, tó ń fi ògiri sọ́wọ́ òsì, tí kò dúró, níbo ló máa já sí?”

Mo fi ìka yà á sórí tábìlì nínú ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Nígbà tí ìka mi dé ọgbà ólífì láti ẹ̀yìn, mo bú sẹ́rìn-ín, Màmá ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní, “Ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin bá wà ní mọ́sáláṣí, títì á dá.”

Jímọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣí ibi tuntun, wọ́n ti ní kí ilé kọ̀ọ̀kan se kúskúsì wá. Bí wọ́n ṣe pe ìrun báyìí, èmi àti Màmá ti wà nínú àgbàlá àtijọ́. Wọ́n ti kó gbogbo nǹkan lọ, igi ọsàn nìkan ló kù. Màmá gun orí ọpọ́n òkúta. Mo di kẹ̀kẹ́ mú. Wọ́n ní, “Tí mo bá ṣubú, má pe ẹnikẹ́ni, gbé mi dìde kí o bo ojú mi.” Wọ́n tẹ pẹ́dà, ó di ẹnubodè, ó di òsì.

Ṣámà, a ti jáde! Ẹ̀yìn wọn ni mo wà lórí kẹ̀kẹ́ tèmi. Ìgbà òtútù ni, yìnyín wà lórí òkè lókè lọ́hùn-ún, ó funfun báláú, ògiri pupa lọ́wọ́ òsì, igi ọ̀pẹ, títì dá wáí. Afẹ́fẹ́ fẹ́ aṣọ ìbora wọn bí ìgbà tí a sá a sórí okùn. Wọn ò wo ẹ̀yìn. Mo kàn ń gbọ́ ohùn wọn: “Wo iwájú, Túdà! Má wo ẹsẹ̀!” Ara wọn ni wọ́n ń bá wí. Nígbà tó yá wọn ò bá ara wọn wí mọ́, orin ni wọ́n ń kọ, irú èyí tí wọ́n fi ń ká ólífì, tí wọn ò rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rántí ni ráńdábáòtì tó wà níbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Ìyá mi o! Inú ráńdábáòtì, òsì ni èèyàn ń yí. Màmá wọ inú ẹ̀, ó bá wọn lára mu. Wọ́n yí i dáadáa. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó lè jáde ńbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tẹ ọwọ́ sọ́tùn-ún díẹ̀. Màmá ò lè jáde. Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún yí i. Èmi náà ń yí tẹ̀ lé wọn.

“Màmá, ẹ jáde níbẹ̀ yẹn!”

“Mo rí i!”

“Ẹ jáde nígbà náà!”

“Kẹ́ltúmù, má pariwo mọ́ mi!”

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ọsàn dé, ó dúró, awakọ̀ gbé ọwọ́ lé fèrè, ó gbàgbé láti fọn ọ́n, ó ń wò wá bí ẹni ń wo eré. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Mo rí i pé ẹsẹ̀ Màmá ti ń rẹ̀, pẹ́dà ń lọ́ra. Tí wọ́n bá dúró níbẹ̀, láàárín títì, wọn ò ní lè gùn ún mọ́, a ó ní láti gbé wọn lọ, wọn ò sì ní dé ọgbà ólífì yẹn mọ́ láéláé. Mo mọ̀ wọ́n. Omijé ti ń bọ̀ lójú mi.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Bẹ́láìdì tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbérò dìde níbi tó ti ń sinmi lábẹ́ igi. Ó kígbe, “Ìyá àgbà, ṣé Mẹ́kà lò ń lọ ni? Ọ̀nà ẹ̀ jìn ju báyìí lọ!”

Màmá dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń kọjá: “Kí ló dé tí o ò sí ní mọ́sáláṣí?”

“Ta ló máa di ẹṣin mi mú?”

Wọ́n tún yí i dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. “Ẹṣin ẹ lò ń fi bojú! Ràn mí lọ́wọ́!”

Bàbá Bẹ́láìdì ò ṣàwàdà mọ́. Ó fo sórí ìjókòó, ó da ẹṣin wọ inú ráńdábáòtì, ó wà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì Màmá, láàárín wọn àti òdòdó tí wọ́n gbìn sí àárín ráńdábáòtì. Ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sún wọn jáde bí ẹni ń da àgùntàn. Ẹṣin yẹn ń mí sí wọn létí. Òsì ti dí. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì: ọwọ́ Màmá Túdà tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, kẹ̀kẹ́ jáde, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Awakọ̀ ọlọ́sàn fọn fèrè, ó ń pàtẹ́wọ́ nínú ọkọ̀.

Mo sáré bá wọn. “Màmá! Ẹ yà sọ́tùn-ún!”

“Irọ́ ni. Ẹṣin ló yà.”

Títí di òní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Agadíì yín ni wọ́n wà báyìí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi jókòó sórí ìrọ̀rí wọn lábẹ́ igi ólífì, tí wọ́n ń pariwo mọ́ wa. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù. “Kẹ́ltúmù, Ítò ti ń rìn?” “Màmá, oṣù mẹ́fà ni!” “Ṣé ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹ gbé e sórí kẹ̀kẹ́?” Tí mo bá dárúkọ ráńdábáòtì, wọ́n á ní ẹṣin ni.

Jẹ́ kí n parí ẹ̀, tíì ẹ ti ń tutù. Apá tó kù, ẹ̀yìn ìlú ni, ọ̀nà ibẹ̀ gòkè díẹ̀. Wọn ò kọrin mọ́. Mo ń gbọ́ èémí wọn. Ìrun ti parí, àwọn ọkùnrin ti ń jáde nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹnikẹ́ni ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Bàbá kan tiẹ̀ gbé bàtà tó wà nílẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà fún wọn. A dé kọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, òsì ni. Mo rí ilẹ̀kùn ọgbà ólífì, ó ṣí sílẹ̀, òsì ni. Màmá na ọrùn, wọ́n yà wọlé, wọn ò tiẹ̀ tẹ bíréèkì.

Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Bàbá Ídírì gbé ṣíbí dání, ẹnu wọn là. Wọ́n ti ń bi ara wọn pé ta ló máa gbé oúnjẹ lọ bá Túdà nílé. Wọ́n ní, “Ta ló gbé ẹ wá?”

“Ẹsẹ̀ mi.”

“Ọ̀nà wo lo gbà?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Wọn ò lè sọ̀kalẹ̀, torí kò sí ọpọ́n òkúta níbẹ̀. Ilẹ̀ sì fẹ̀, kò sí gọ́tà, kò sí òkìtì irin. Wọ́n kàn ń gùn ún lọ, wọ́n ń yí láàárín àwọn igi ólífì, aṣọ ìbora ń fẹ́, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu wọn bí ti ọmọdé, wọ́n ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má dúró sójú ọ̀nà àwọn. Àwọn ọkùnrin ń sáré to táyà jọ kí Màmá lè rí nǹkan fẹsẹ̀ tẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n tò ó tán, Màmá kọjá lára ẹ̀, wọn ò dúró. Wọ́n tún yí i dé, wọ́n tún kọjá. Àwo kúskúsì ti wà lórí ẹní, èéfín ń tinú ẹ̀ jáde. Bàbá Ídírì fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò:

“Túdà! O ti dé, mo ti rí ẹ, gbogbo wa ti rí ẹ! Sọ̀kalẹ̀ wá jẹun!”